Ohùn Baba tí Abdulqudus Tì Mọ́lé

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ilé Alhaji Jàbárù ní Orozo, lẹ́bàá Abuja, tí ẹnìkan ṣoṣo mọ̀, ẹni náà sì ti gbé e títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Abdulqudus ni. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n so yìgì Jamilah, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni ọ̀rọ̀ náà kọ̀ láti gbé inú rẹ̀ mọ́. Ẹbí tó ti Ìlọrin wá kún ilé, wọ́n ń gé àlùbọ́sà lẹ́yìnkùlé, òun sì pe ìyá rẹ̀ Ràdíátù, Jamilah, àti Ismaheel ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti Kàdúná dé láàárọ̀, wọ yàrá Jamilah. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ jókòó. Òótọ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ lè lé mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

Ohun tó fa á kò ju pé láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn àgbà ní kí Ismaheel, tí í ṣe àkọ́bí, jókòó sí ipò baba wọn tó ti kú, kí ó sì fi Jamilah fọ́kọ. Ismaheel mi orí. Ó ní, "Kai, ẹ má fi mí síbẹ̀. Baba lé mi, wọn ò sì pè mí padà kí wọ́n tó kú. Ẹni tí bàbá ò dárí jì, kí ló fẹ́ jókòó ṣe ní ipò bàbá? Qudus ni kó ṣe é. Òun ló tọ́jú wọn." Ni gbogbo wọn bá kọjú sí Abdulqudus, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń pè é ní ọmọ rere. Òun nìkan ló mọ̀ pé Baba ti dárí ji Ismaheel, òun ló sì gbé ìdáríjì náà pamọ́.

Ìjà náà ti pẹ́. Alhaji Jàbárù, baba wọn, ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì ní ọjà Kugbo, Ismaheel sì ń bá a ṣe é. Lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ di ariwo láàárín àwọn méjèèjì, Baba di ọmọ rẹ̀ lọ́rùn aṣọ mú, Ismaheel sì fi agídí já ara rẹ̀ gbà. Baba ṣubú sórí pákó níṣojú gbogbo ọjà. Nígbà tó dìde, ó búra pé Ismaheel ò ní sí lára àwọn tí yóò gbé òkú òun. Ismaheel kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Kàdúná, ó ń tún rédíò ṣe níbẹ̀. Abdulqudus ló kù nílé. Nígbà tí àtọ̀gbẹ dá Baba dùbúlẹ̀, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń di egbò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sì dùn mọ́ ọn nínú, kí a má purọ́, pé òun nìkan ni wọ́n ń pè ní ọmọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní ìgboro Abuja. Lọ́dún 2006, ó ra kọ̀ǹpútà tokunbo sílé, ọ̀kan fún yàrá tirẹ̀, ọ̀kan fún yàrá Jamilah, ó sì gbé ẹ̀kẹta sí igun pálọ̀ láìfi mọ́nítọ̀, ojú tí a ń wò, sí i, àpótí lásán tí fáànù inú rẹ̀ ń mí. Fáírọ́ọ̀sì ti sú u, nítorí náà Linux, ètò ìṣiṣẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì kì í sábà dé, ló fi sórí gbogbo wọn. Ó fa wáyà láti yàrá dé yàrá, ó sì ṣí fódà kan sínú àpótí pálọ̀ tí gbogbo ilé jọ ń lò: ohun tí a bá kó síbẹ̀, ẹni tó wà ní yàrá rẹ̀ lè ṣí i láìdìde. Wáàsí àti fọ́tò ọdún Iléyá ló kún ibẹ̀. Ó fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó sì sọ ti pálọ̀ ní Baba, ó ní bíi ti Baba, àpótí náà ń jókòó síbì kan tí gbogbo ilé ń wá bá. Baba rẹ́rìn-ín títí nígbà tó gbọ́.

Nígbà tí Baba rí i pé ara òun ò ní gbé e mọ́, ó ní kí Abdulqudus fi kọ̀ǹpútà gba ohùn òun sílẹ̀. Yàrá Abdulqudus ni wọ́n ti gbà á, àwọn méjèèjì péré, inú fódà pálọ̀ ló sì wọ̀ lọ. Baba ní òun dárí ji Ismaheel. Ó ní òun lòun kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ náà níwájú oníbàárà. Ó ní kí ó wá, bí òun bá sì ti lọ, kí ó wà lára àwọn tí yóò gbé òun sínú sàárè. Nígbà tí wọ́n gbà á tán, Baba di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ìwọ ni kí o pè é. Lónìí."

Kò pè é. Ó mú fóònù lọ́wọ́, ó sì gbé e sílẹ̀. Ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé gbogbo ìtọ̀ tí mo dà nù, gbogbo egbò tí mo nù, ẹni tó jókòó sí Kàdúná ló máa wá wọlé báyìí, tí ilé á máa jó? Ó ní òun á pè é lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó tún sún un. Baba ń bi í, ó ń dáhùn pé fóònù Ismaheel ò lọ. Baba kú, ojú rẹ̀ ń wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, Ismaheel ò sì sí níbẹ̀.

Wọn ò tíì fọ ẹsẹ̀ tán nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé tí Jamilah fi ní òun rí ohun tí wọ́n kọ "Ọ̀rọ̀ Baba" sí nínú fódà, òun fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀rù mú Abdulqudus. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé Baba ní kí wọ́n pe Ismaheel, yóò sì béèrè ẹni tí kò pè é. Ó sáré wọ yàrá, ó tẹ ìlà kúkurú kan ránṣẹ́ sí àpótí pálọ̀. Nínú Linux, fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn tó láṣẹ láti ṣí i. Ó gba àṣẹ náà lọ́wọ́ gbogbo ilé, ó ku òun nìkan. Ó fẹ́ pa á rẹ́ pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ fáìlì náà ṣe wà níbẹ̀ tí gbogbo ojú ń rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kọ̀ǹpútà á ní kò sí àyè fún un. Abdulqudus sọ fún wọn pé ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dàrú.

Ismaheel dé fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Kò tíì mu omi tó fi béèrè.

"Qudus, wọ́n ní Baba sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kí ni wọ́n sọ nípa mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo kàn to ẹ̀rọ fún wọn ni, mo sì bọ́ síta. Mi ò gbọ́ ọ. Network yìí ló ń yọ wá lẹ́nu."

"To, kò sí wàhálà. Wáyà ni iṣẹ́ mi. A máa rí i."

Ó kúnlẹ̀, ó sì fọwọ́ tọ wáyà ilé náà láti yàrá dé pálọ̀. Ó yọ orí wọn, ó fi aṣọ nù wọ́n, ó gé èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi tuntun sí i. Abdulqudus ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ti ilẹ̀kùn ló ń tanmọ́lẹ̀ fún ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Bí Ismaheel bá ti ṣe ọ̀kan tán, á ní, "Gbìyànjú ẹ̀ wò," Abdulqudus á lọ tẹ̀ ẹ́, á padà wá, á mi orí. Wọ́n pa àwọn kọ̀ǹpútà, wọ́n tún wọn tàn. Wọ́n pààrọ̀ àpótí kékeré tó so àwọn wáyà pọ̀. Abdulqudus ṣe gbogbo ohun tí oníṣẹ́ ń ṣe láti wá àìsàn ẹ̀rọ, àfi ẹyọ kan.

Jamilah ló kọ́kọ́ fura. Ó ní, "Bùrọ̀dá Qudus, fódà kan náà ni. Kí ló dé tí wáàsí ń ṣí, tí ti Baba ò ṣí?"

Abdulqudus yí ojú sí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Iná ni NEPA mú lọ nígbà tó ń wọlé lọ́wọ́. File yẹn ti corrupt."

Ismaheel béèrè bóyá kí wọ́n pe ẹlòmíràn wò ó. Ńṣe ni ọ̀dájú yìí bínú, ó ní ṣé wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé òun ni, òun tó tọ́jú Baba títí dópin. Ismaheel tọrọ àforíjì. Òun tí wọ́n ṣẹ̀ ló tọrọ àforíjì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wáyà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Qudus, àbí Baba gan-an ni ò fẹ́ kí n gbọ́ ọ? Gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀rọ yìí ló ń dá wa lóhùn. Ibi tí ohùn wọn wà nìkan ló ń kọ̀ mí."

Ó ṣì lè sọ òótọ́ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó lójú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abdulqudus ní, "Bóyá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tó ṣe, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ismaheel kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Kò ní kí wọ́n mú òun dé ibi sàárè. Ó padà sí Kàdúná.

Láti ìgbà náà ni Abdulqudus ò ti ní ìsinmi nínú ilé náà. Bí iná bá dé, tí àpótí pálọ̀ bá jí tó sì mí sókè, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Bó bá tan kọ̀ǹpútà tirẹ̀, orúkọ tó kọ́kọ́ ń yọ sí i ni Baba. Ó yí orúkọ náà padà. Kọ̀ǹpútà Jamilah ṣì ń rántí ti tẹ́lẹ̀, Abdulqudus sì jágbe mọ́ ọmọ náà pé kí ó pa á kí ó tún un tàn. Ìyá béèrè ohun tó ń dẹ́rù bà á tó bẹ́ẹ̀ lára orúkọ Baba. Nígbà mìíràn Abdulqudus á fi íápíìsì sí etí, á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lóun nìkan, bóyá Baba á sọ nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Baba ń sọ.

Gbogbo èyí ló sọ fún wọn ní yàrá Jamilah, kò bu ibì kankan jẹ. Nígbà tó parí, Ìyá ti fi ìborùn bojú. Jamilah ń sunkún, ó ní, "Mo bi yín. Ẹ rántí pé mo bi yín." Ismaheel na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà.

"Ṣí i."

Abdulqudus tẹ ìlà kan péré tó dá àṣẹ náà padà fún gbogbo ilé. Ó ti parí kí Ismaheel tó sún mọ́ ọn. Ismaheel wo ìlà náà, ó wo wáyà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, ó gbé ojú kúrò.

Ikọ́ Baba ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀. "Ismaheel, ọmọ mi, mo dárí jì ọ́. Ìwọ náà dárí jì mí. Ọlọ́run ò ní fi ti Kugbo bi ọ́ léèrè." Ismaheel dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Àmín," bí ẹni pé Baba jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì Jamilah. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sí ilẹ̀. Ohùn náà ń lọ. "Abdulqudus tó ń gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ yìí, tó wẹ̀ mí, tó máa pè ọ́ wá fún mi, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí òun náà ṣaláìní ọmọ tí yóò ṣe irú rẹ̀ fún un. Tí ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ fẹ́ràn rẹ̀." Baba dákẹ́ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń dákẹ́ kí wọ́n lè ṣe àmín.

Abdulqudus ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Mi ò ní àwíjàre kankan. Ẹ dárí jì mí."

Ismaheel dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Lọ sọ fáwọn àgbà pé èmi ni màá jókòó lọ́la. Baba ti pè mí." Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró, kò wẹ̀yìn. "Ti àdúrà tí wọ́n ṣe fún ẹ yẹn, mo gbọ́ ọ. Mi ò lè ṣe àmín sí i lónìí."