Ojú Àtàǹpàkò Lára Àga Olùkọ́

Dókítà ní ọkàn mi kò lágbára mọ́, kí n má gbé ohun tó wúwo. Pákó kọ́ ló wúwo jù nílé mi. Irọ́ kan ni, ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé e, mo sì fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n tó kú. Ìwọ ọmọ Olùkọ́ ni mo ń kọ ọ́ sí. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà gbọ́.

Káfíńtà ni mí. Bàbá rẹ a máa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn iléèwé, á máa fi ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dà mí láàmú: kí ni wíwà, kí ló ń mú kí nǹkan jẹ́ ara rẹ̀. Ó ní nǹkan mẹ́rin ló ń mú kí àga wà: igi tí a fi ṣe é, ìrísí rẹ̀, ọwọ́ tó ṣe é, àti ìdí tí a fi ṣe é. Mo ní, "Olùkọ́, ìdí yẹn ni mo mọ̀. Tèmi rèé, ó tó àga méjì!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Kò mọ̀. Ìyá rẹ náà kò mọ̀. Àgbàyà ni mí.

Nígbà tó kú, ìyá rẹ gbé àga rẹ̀ wá, kòkòrò ti jẹ ẹsẹ̀ kan. Ó ní, "Ìyá Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó bá jẹrà nìkan ni kí ẹ pààrọ̀." Mo pààrọ̀ èyí tó jẹrà, mo sì yọ ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù tí nǹkan kan kò ṣe, mo fi tuntun dípò wọn, mo kó gbogbo wọn, àti èyí tó jẹrà, sábẹ́ ibùsùn mi. Nígbà tó yá, ó tún gbé e wá pé ó ń mì. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ kàn án kó máa mì! Mo yọ ibi ìjókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, mo yọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ apá. Bí àga Olùkọ́ ṣe pé sábẹ́ ibùsùn mi láàárín ọdún mẹ́rin nìyẹn, tí àdàkọ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ.

Ojú rẹ̀ ti ń fọ́ nígbà náà. Ó fọwọ́ pa apá àga. "Ibì kan jìn díẹ̀ níbí, tí ọkọ mi máa ń fi àtàǹpàkò ra bó bá ń ronú. Mi ò rí i mọ́. Ìyá Káfíńtà, ṣé àga rẹ̀ náà nìyí?"

Mo ní, "Pólíìṣì ló bò ó. Ẹ fi sílẹ̀ dọ̀la."

Ohun tó burú jù nìyí. Mo mú irin ìgbẹ́gi, mo gbẹ́ ojú àtàǹpàkò òkú, mo fi sáńpépà ra á títí ó fi dán. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Ó ní, "Òun nìyí." Ó dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́. Mi ò sunkún. Mo bi í bóyá yóò mu omi.

Bó ti lọ, mo to èyí tí mo jí, mo jókòó sí i. Ìdí mi kò gbà! Mo fipá wọ̀ ọ́, mo há mọ́ ọn, mo gbé e rìn ká yàrá bí ìgbín. Ẹ wo olè. Nígbà tí mo wá rọra jókòó, igi lásán ni. Mi ò gbọ́ Olùkọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan lára mi, títí di òní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ, mo fọwọ́ kan àga tó wà lọ́dọ̀ rẹ. Mo mọ bí mo ṣe gbẹ́ ẹ jìn tó. Ó ti jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti tẹ̀ sósì. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ọdún méje tí ìyá rẹ fi ń ra á ni. Ká ní bàbá rẹ bi mí pé èwo ni àga òun, mi ò ní mọ̀ ọ́n.

Wá gbé èyí tó wà lọ́dọ̀ mi. Má sọ tọwọ́ rẹ nù. Bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, èyí tó bá jẹrà nìkan ni kí ẹ pààrọ̀.