Káún Tí Mo Fi Sínú Omi Atalẹ̀ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ilé wa tòrò. Ọkọ mi fẹ́ràn mi, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà láàrin wa tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ló sì fẹ́ tú.

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Sango. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike. Nígbà kan, ọgbẹ́ inú ń dà á láàmú, síbẹ̀ mínírà funfun ló fi ń ṣínu láàárọ̀, kó tó jẹ ohunkóhun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé ó kan, pé ó ń dá kún ọgbẹ́ náà. Ó ní ohun tó dùn tó báyẹn kò lè kan.

Nígbà tó sú mi, mo gbé ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi wálé. Mo rẹ sóbò sínú omi gbígbóná, mo sẹ́ ẹ, mo bù ú sínú ife mẹ́ta. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ó pọ́n yòò. Mo da omi káún, káún tí a fi ń se ẹ̀wà, sí èkejì, ó di àwọ̀ ewé. Mo wá da mínírà rẹ̀ sí ẹ̀kẹta. Ó pọ́n bíi ti ọsàn, àmì pé ó kan. Ọkọ mi la ẹnu, kò lè pa á dé.

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, ǹ bá má jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n mo ti se omi atalẹ̀ sílẹ̀ pé kó máa mu ún dípò mínírà. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá Tòmíwá, tìẹ náà ńkọ́? Test òun náà, jẹ́ ká rí i."

Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú omi atalẹ̀ mi. Mo ní kí n lọ bù ú wá ní kíṣìnì. Ibẹ̀ ni mo ti po káún mọ́ ọn. Nígbà tí mo dà á sínú sóbò níwájú rẹ̀, ó di àwọ̀ ewé. Ọkọ mi pàtẹ́wọ́.

Kò fẹnu kan mínírà mọ́. Ó ń jẹun kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń mu omi atalẹ̀ mi tí kò ní káún, inú kò sì run ún mọ́. Mi ò mọ èyí tó wò ó sàn nínú wọn. Mo kàn ń dúpẹ́ ni.

Ẹnu rẹ̀ ni ìṣòro mi. Gbogbo bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ti gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ kì í purọ́. Ó ti pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ìdánwò sóbò yẹn nílé wa ní Sátidé. Mo ní kí n bá a se omi atalẹ̀ náà. Ó ní, "Rárá o, madam. Jókòó, kí o máa wò mí."

Láìsí káún, omi atalẹ̀ náà yóò pọ́n bíi ti mínírà níwájú gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ìtìjú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tó bá rí i pé mo purọ́ nípa ife tèmi, ṣé yóò ṣì gbà pé òótọ́ ni mo sọ nípa mínírà? Àbí kí n jẹ́wọ́ fún un kí wọ́n tó dé? Ó ti ra ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ń kọrin bó ṣe ń fọ̀ wọ́n báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.