Oògùn Kòkó fún Ẹja

Mo ń dúró kí wọ́n bu kẹrosíìnì fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí tọkọtaya kan bẹ̀rẹ̀ sí í du àpò oògùn búlúù tí a ń fín sí kòkó.

"Kòkòrò ti bo ẹja mi," ni ọkọ wí. "Èyí ni màá dà sínú adágún."

"Bàbá Ìbejì, ẹja ló ń ṣàìsàn, omi kọ́. Ẹ kó wọn sínú bàsíà omi oníyọ̀, kòkòrò náà á kú."

"Iyọ̀ kẹ̀? Ṣé ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè ni?"

"Odò Isuada ni adágún yín ń ṣàn sí. Àwọn èèyàn ń mu ún!"

Ọkọ já àpò náà gbà, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyàwó yíjú sí mi. "Màmá, tí ẹ bá máa gba Isuada kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n má pọnmi lónìí."