Àmì Tí Wọ́n Yá Lára Òkú

Mo ń dúró de fótókọ́pì mi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ nígbà tí màmá kan, olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó ti ọkùnrin tó ń bá a tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

"Gbogbo àmì orí lẹ́tà àti tìsàlẹ̀ ni kó pé o. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi na ọmọ ọlọ́mọ nítorí àmì."

"Á pé, mà. Mo níbi tí mo ti ń kó wọn."

"Ibo nìyẹn?"

"Kọ̀ǹpútà yìí ò mọ àmì í tẹ̀. Àmọ́ ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Ìjan wà nínú ẹ̀, àmì ibẹ̀ pé. Èyí tí mo bá fẹ́, màá kọ́pì ẹ̀ níbẹ̀, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiyín. Gbogbo ìgbéyàwó tí a ń tẹ̀, ara màmá yẹn la ti ń yá a."

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ara òkú lo ti yá àmì orúkọ ọmọ mi?"

"Ẹnikẹ́ni ò tíì ráhùn, mà. Pásítọ̀ pàápàá ń tẹ̀wé níbí."

"Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí." Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Yọ gbogbo ẹ̀ kúrò."

"Ṣebí ẹ ní—"

"Yọ wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á kà á bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà ń pa wọ́n rẹ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá dúró.

"Èyí tó wà lára orúkọ Ọlọ́run ńkọ́, mà?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Òun ò bẹ̀rù òkú."