Korobá Ogójì

Ẹnjiníà, ẹ má wo aago mọ́ mi lójú! Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń fi ọkọ̀ yìí gbé èèyàn sọdá odò, ẹ wá so ó ní ṣéènì láti Mọ́ńdè, ẹ ní kí n ní sùúrù! Sùúrù títí di ìgbà wo? Ẹ gbójú sókè, ẹ wo afárá yín. Apá kan ti ìhín wá, apá kan ti ọ̀hún wá, àárín ṣí sílẹ̀ gbàgàdà! Ṣé ìyẹ́ ni kí ìyàwó mi hù?

Òun rèé lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó di káàdì ọsibítù mú. Ojú òsì ti lọ, ọ̀tún náà sì ti ń ṣú. Dókítà ojú tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún wà lódìkejì báyìí, aago méjìlá ló ń lọ, ó wá di ọdún tó ń bọ̀. Ta ló mọ̀ bóyá ojú á dúró dè é? Yéè! Láàárọ̀ yìí ló ń táràrà wá ife lórí tábìlì ara rẹ̀.

Kí lẹ wí? Ó wà nínú ìwé yín? Ẹ ní èmi ni mo fẹnu ara mi sọ pé ọkọ̀ ń jò, pé korobá ogójì là ń gbọ́n láràárọ̀?

Hùn.

Mẹ́rìnlá ni. Kí n má rí oòrùn ọ̀la bí mo bá purọ́, mẹ́rìnlá ni! Ìlà ṣọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ kà lára ọkọ̀ yẹn, ìlà kan fún korobá kan, èmi ni mo fa ìyókù lé e nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ń bọ̀. Mo rò pé ẹ óò fún wa ní ọkọ̀ tuntun ni. Mi ò mọ̀ pé ṣéènì lẹ gbé bọ̀! Àfọwọ́fà ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé obìnrin yìí ló fa ìlà?

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ṣí i. Rárá, ẹ má kàn ṣí i, ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ bá wa wọ ọkọ̀, ẹ gba korobá, ẹ máa gbọ́n ọn, ẹ máa fẹnu ara yín kà á. Bó bá pé ogójì ká tó gúnlẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ so ní ṣéènì!

Ẹ wò ó, ó ti dìde. Ẹ̀wù yín ló dì mú yẹn, Ẹnjiníà, ó rò pé èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a gbà. Ẹ máa mú un lọ sínú ọkọ̀.