Ẹni Tó Ń Kí Ìjàpá Òkun Káàbọ̀

Nínú ọkọ̀ Ṣakí tí a wọ̀ ní Ìsẹ́yìn, bàbá kan bi obìnrin tó jókòó tì í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, etí mi tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ sì nà síbẹ̀.

“Ìjàpá òkun ni mò ń ṣèwádìí rẹ̀, Bàbá. Etíkun tí wọ́n bí i sí ló máa ń padà sí láti yé ẹyin.”

“Ṣé ìyá rẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀?”

“Rárá o.”

“Ta ló wá ń kí i káàbọ̀?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Èmi ni, sà. Mo máa ń rọra sọ ọ́, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi má baà gbọ́.”

“Aláwàdà! Níbi tó ò ń lọ yìí, ta ni yóò kí ìwọ náà?”

“Kò sí, Bàbá. Ìyá mi tó wà ní Ògbòòro ti kú. Mo kàn fẹ́ lọ gbá ilé rẹ̀ ni.”

Nígbà tí Bàbá sọ̀ kalẹ̀ ní oríta Kómu, ó padà wá sí ojú fèrèsé ọkọ̀.

“Káàbọ̀ o, ọmọ mi.”