Ọmọ Ọlọ Kò Lè Ṣiṣẹ́ Ẹsẹ̀ Mi

Ọmọ ọlọ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọlọ tí mo fi ń lọ ata láti ọdún tí mo ti wọ ilé yìí, òun ni àbúrò yín, Bàbá Tọ́pẹ́, wọ ilé ìdáná mi wá gbé láàárọ̀ yìí, kò bi mí, kò wo ojú mi, ó gbé e, ó di inú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e lé ibi tí ẹsẹ̀ mi máa ń wà. Rárá o, n kò ní jókòó, ẹ má wulẹ̀ fa àga sí mi. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè wá, mo mọ̀ pé ọ̀nà Òkè-Ìlá kò rọrùn lórí ọ̀kadà fún ẹni ọjọ́ orí yín, ẹ mu omi yín, ẹ sinmi, ṣùgbọ́n ẹ má dá mi lẹ́jọ́ kí n tó sọ tán. Tí mo bá sọ tán, ẹ lè bú mi. N óò gbà á, torí pé ojú ń tì mí.

Ẹsẹ̀ wo sì ni mò ń wí? Ẹsẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín fi igbá bu omi sí lẹ́nu ọ̀nà yìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi ni, tí ẹ ní yóò tu ilé lára. Ṣé ó tu ilé lára àbí kò tù ú? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló ti ń bá ọkọ mi tẹ iná ọkọ̀ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí mo dé, tó fi di pé mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn mí, mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Òkúta ata ló wá fi rọ́pò mi lónìí.

Ẹ rántí pé ọkọ̀ pupa yẹn ti wà lábẹ́ igi obì yẹn kí n tó dé. Òyìnbó tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ irin nílé ẹ̀kọ́ ló tà á fún ọkọ mi nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ọkọ̀ eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìjókòó méjì péré, orí rẹ̀ jẹ́ aṣọ bíi ti agboòrùn, àyè kò sì sí fún àpò gàrí kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin ilé lẹ ní, níwọ̀n bí mo ti bá a nílé, n kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, ìyálé mi ni. Mo gbà. Mo kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ náà, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Láti ọjọ́ náà, Ìyálé ni mò ń pè é, ó sì ti di ohun tí àlejò máa ń ní kí n ṣe fún àwọn: ìyàwó wa, kí ìyálé rẹ ká gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti wá.

Ẹ ní kí n lọ tààrà? Mò ń lọ tààrà, ọ̀rọ̀ náà ló wúwo lẹ́nu mi.

Ọkọ̀ yẹn ní kábúrétọ̀ méjì, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà náà, ẹyọ kan ni wọ́n ní. Tirẹ̀ méjì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa mí bákan náà bí ìbejì tó sùn sórí ẹní kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa wúkọ́, kò ní gun òkè. Wọ́n ní ohun èlò kan wà lókè òkun tí wọ́n fi ń wọn èémí wọn, Bàbá Tọ́pẹ́ ní òun kò nílò rẹ̀, òun ní etí. Rọ́bà gígùn kan ló ní, á ki orí kan sẹ́nu kábúrétọ̀, á ki ìkejì sí etí rẹ̀, á pa ojú dé. Á ní, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mú un bẹ́ẹ̀. Fi í sílẹ̀. Èmi á tẹ̀ ẹ́, èmi á mú un, èmi á fi í sílẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í ṣe é, bí ẹni tó ní ewúrẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ bọ́ ọ. Ẹni tó bá jókòó sórí ìjókòó yẹn fún ogójì ọdún, ṣé etí tirẹ̀ náà kò ní kọ́ iṣẹ́? Mo bi yín ni.

Ọdún méjì sẹ́yìn, ó yí síkúrúdíráfà, ó ní ó ti dọ́gba. Èmi níbi tí mo jókòó gbọ́ pé kò dọ́gba. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń gbé rọ́bà láti etí ọ̀tún sí etí òsì, ó tún ń gbé e padà. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ rántí bí bàbá yín ṣe di ẹni tí gbogbo ilé ń pariwo mọ́, tí àwọn ọmọ ń sọ̀sọkúsọ lójú rẹ̀ tó ń mi orí sí wọn. Bàbá Tọ́pẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ tí a sìnkú bàbá tán pé ohun kan ṣoṣo tí òun ń bẹ Ọlọ́run ni pé kó má jẹ́ kí òun dà bẹ́ẹ̀. Báwo ni n óò ṣe wá ṣí ẹnu sọ fún un pé ó ti ń dà bẹ́ẹ̀?

N kò sọ fún un. Nígbà tó lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́rú, mo ṣáná sí ọkọ̀, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo ki rọ́bà sí etí ara mi, mo sì yí i díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń rí i tó ń ṣe é. Àwọn ará àdúgbò tó bá gbọ́ ọ rò pé òun ni. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e jáde, ọkọ̀ gun òkè láìwúkọ́, ó bọ̀ wálé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní, Ìyá Tọ́pẹ́, ọwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, ọwọ́ yín kò lè kúrò níbẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é, gbogbo Ọjọ́rú, mò ń jí iṣẹ́ ọkọ mi ṣe, mò ń kí i kú iṣẹ́ lé e lórí. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ gbọ́ ọ? Bàbá Tọ́pẹ́ ti ṣáná sí ọkọ̀ níta. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń han, kò sì yẹ kó han tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọlọ ni. Òkúta kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní díẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó ré kọjá, kì í ṣe ti ìjẹta o, èyí tó ṣáájú rẹ̀, Ọlátúbọ̀sún tí wọ́n jọ ṣe olùkọ́ wá láti Ìgbájọ pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ fẹ́ ṣe àjọ̀dún, Bàbá Tọ́pẹ́ sì ti lérí pé ọkọ̀ òun ni òun yóò gbé gun òkè Ìgbájọ lọ síbẹ̀. Wọ́n wá wò ó bóyá ọkọ̀ náà lè gun òkè yẹn. Mo gbé ẹmu fún wọn, mo bọ́ sórí ìjókòó mi, ó ki rọ́bà sí etí, mo tẹ̀ ẹ́, mo mú un, ó yí i, ó ní ó ti dọ́gba. Kò dọ́gba. Mo pa ẹnu mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, mo búra fún yín, mo pa ẹnu mọ́.

Ọlátúbọ̀sún ló ní kí n kí ìyálé mi fún àwọn, ó ti gbé fóònù sókè ó ń ya mí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo ní, ìyálé mi pupa, mo júbà o, a-mu-epo-bí-ará-Ìlá-ń-mu-ẹmu, ẹni tí mo bá nílé tí kò bá mi pọn omi rí, tí kò bá mi ro ọbẹ̀ rí, tí ọkọ sì ń fọ ara fún láràárọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá Tọ́pẹ́ pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lórí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ìyàwó ilé bá ń ṣàwàdà tí wọ́n sì ń gbè é, ẹnu kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mo wá ní, ikọ́ ń ṣe ìyálé mi lónìí, ẹ̀yin agbo. Ẹ̀dọ̀fóró òsì ni, ọkọ wa kò gbọ́.

Ọkọ wa kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré.

Ká ní mo dúró síbẹ̀, wọn ì bá mú un mọ́ àwàdà. Ọlátúbọ̀sún fetí sílẹ̀, ó ní, òótọ́ ni, ìyàwó yìí gbọ́ ọ. Ni ọwọ́ mi bá lọ. N kò rán an. Mo gba síkúrúdíráfà lọ́wọ́ ọkọ mi níṣojú ọkùnrin mẹ́rin, mo yí ti òsì díẹ̀, ọkọ̀ sì dákẹ́ ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọlátúbọ̀sún ní, Hezekiah, ìyàwó ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bàbá Tọ́pẹ́ ká rọ́bà rẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wọlé.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yẹn, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú síkúrúdíráfà lọ́wọ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín, ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí i pé àyè rẹ̀ ti ṣófo. Ìyẹn ni ojú fi ń tì mí. Fídíò náà ti dé orí gbogbo fóònù. Mo lọ ra iyọ̀ lọ́jà, obìnrin kan ní kí n jọ̀ọ́ wá bá òun gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta òun. Tí wọ́n bá ń ṣe èmi bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń sọ fún òun?

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tí kò fi ẹnu kan oúnjẹ mi. Ó ń sun iṣu fúnra rẹ̀ lábẹ́ igi obì bí ẹni tó wà lóko. Tí mo bá kí i, á dáhùn, èyí ló sì ń dùn mí jù, á ní, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ṣeun mà. Èmi tó ń pè ní ìwọ yìí láti ìgbà èwe mi. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní, ẹ dìde mà, ó sì rìn kọjá. Lánàá ló wá sọ pé ọkùnrin kan láti Ire tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ ń bọ̀ lọ́túnla, tí ọkọ̀ bá ti ké dáadáa létí rẹ̀, kó máa gbé e lọ. Ìdí tó fi ń tún un ṣe nìyẹn. Ó fẹ́ ta ìyálé mi nítorí ẹnu mi. Tó bá sì tà á tán, kí ni yóò máa jí ṣe láàárọ̀? Kí la óò jọ máa ṣe, àwa méjèèjì, nínú ilé tí gbogbo ọmọ ti jáde kúrò?

Ẹ ní kí n sọ òótọ́ etí náà fún un, kí ó lọ rí dókítà? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi. Èyí tí mo sọ ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì rí i kó. Ohun tí mo fẹ́ lẹ́nu yín kò pọ̀. Ẹ pàṣẹ fún un pé kò gbọdọ̀ tà á, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ, kò ní kọ̀ sí yín lẹ́nu. Kí ẹ sì gba ọmọ ọlọ mi fún mi. Ọ̀rọ̀ etí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a sílẹ̀.

Ọkọ̀ ti kú. Ẹ gbọ́ bàtà rẹ̀? Ó ń bọ̀ níbí. Ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ mu omi yín.

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Tọ́pẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín ló wá kí wa. Ẹ gbé e síbẹ̀, lórí ọlọ, ẹ ṣeun. Kí lẹ wí? Òkúta kò mọ ìgbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀? Kò lè mọ̀ ọ́n. Kí èmi wá? Èmi náà lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ará Ire yẹn wá ńkọ́? Ẹ ti ní kó má tíì wá, ó di ọjọ́ tó bá ké dáadáa kí ẹ tó pè é. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lọ, ẹ jẹ́ kí n wá bàtà mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó di ọjọ́ tó bá ké dáadáa. Ẹsẹ̀ yìí náà ni yóò tẹ̀ ẹ́, etí yìí ni yóò sì sọ bóyá ó ké dáadáa. Kí ará Ire yẹn tètè wá ọkọ̀ mìíràn rà. Ẹ wò ó, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ojú ṣì ń tì mí.

Háà, Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀? Kí ni mo wí? N kò wí nǹkan kan. Mo ní mò ń bọ̀. Mò ń bọ̀!